Fóònù Tuntun Mi Pe Ìyá Mi Ní Oníjìbìtì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láàyè lónìí kí n tú ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà Iléyá síta. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé àwòrán iṣẹ́ mi síbí mọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ ọ́ kiri pé látìgbà tí mo ti ra fóònù tuntun ni mo ti ń gbéra ga. Ìgbéraga kẹ̀? Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́!

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tẹ́lọ̀ ni mí. Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà lójú ọ̀nà Kirikiri, níbi tí àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Èmi kì í rán aṣọ òde o. Overall ni mò ń rán, àti àwọn ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó máa ń tàn yanran tí wọ́n ń wọ̀ lé e. Tí ìdí overall bá ya mọ́ ẹnì kan lára níbi tó ti ń gun ọkọ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Rídíwàánù ló máa gbé e wá. Èmi ni Ìyá Rídíwàánù. Èmi nìkan ni mo ń tọ́ ọmọ náà, bàbá rẹ̀ ti bá tiẹ̀ lọ tipẹ́.

Ẹ ò lè mọ ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ fóònù mi àtijọ́. Iwájú rẹ̀ ti fọ́, sẹ́lótéèpù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Bátìrì rẹ̀ kì í dé ọ̀sán. Inú rẹ̀ sì ti kún fọ́fọ́: bí oníbàárà bá fi àwòrán ẹyọ kan ránṣẹ́, á ní àyè ò sí mọ́. Mo máa ní láti pa àwòrán Rídíwàánù kan rẹ́ kí àwòrán overall tó lè wọlé. Mo ti pa ti ìkómọ rẹ̀ rẹ́ tán, mo ti wá dé orí ti ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ sílé ìwé!

Ohun tó wá sú mi pátápátá ni ti ọ̀gá kan tó fẹ́ kí n rán overall ogójì fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó fi fídíò bó ṣe fẹ́ kí àpò rẹ̀ rí ránṣẹ́. Fídíò náà ò ṣí! Mo tẹ̀ ẹ́ títí, òbìrìkìtì kan kàn ń yí lójú fóònù bí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀gá náà ti gbé iṣẹ́ fún tẹ́lọ̀ mìíràn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo máa ra fóònù gidi.

Àmọ́ kí n tó dé ibi fóònù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi Màámi hàn yín, torí pé orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń gbé. Bàbá mi ti kú, àwọn ọmọ tó ṣáájú mi náà ti kú, èmi nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn. Fóònù wọn ni èyí tó ní bọ́tìnnì, tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Wọn ò mọ̀wé, wọn ò sì fẹ́ràn àròyé.

Láàárọ̀ kùtù, bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, wọ́n á fíláàṣì mi lẹ́ẹ̀kan. Á dún, á gé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n jí ire. Èmi náà á fíláàṣì wọn padà lẹ́ẹ̀kan: èmi náà jí ire, ọmọ jí ire. Ó parí. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà, kí n pè.

Ìgbà tí owó ìpè ṣì wọ́n bí ojú la ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí nǹkan rọjú díẹ̀, mo ní kí a kúkú máa sọ̀rọ̀. Màámi ní ọ̀rọ̀ wo? Wọ́n ní bí àwọn bá ti jí, fíláàṣì ti sọ ọ́. Ìyá tó bá tún fẹ́ máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọmọ láàárọ̀ kùtù, ìjà ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Èmi kì í kúrò nílé bí fíláàṣì yẹn ò bá tíì dún. Tí mo bá sì dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé Màámi jí ire.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo ra fóònù, wọ́n fíláàṣì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pè wọ́n. Wọ́n ní Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, pé kí n mú Rídíwàánù wálé. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni mo wí lésìí. Inú ti ń bí mi tẹ́lẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi, ni mo bá jágbe mọ́ wọn pé, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n ráyè gbọ́ tara mi jàre!" Wọ́n ní ó dáa, kí Ọlọ́run ṣe é ní ire, wọ́n sì gé e.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bátìrì fóònù mi ti kú. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n fíláàṣì tàbí wọn ò fíláàṣì. Mi ò tiẹ̀ rò ó. Boundary, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù, ni mo gbà lọ tààrà.

Ṣọjí lorúkọ ẹni tó ta fóònù fún mi. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n ní ẹni tí kì í ta ayédèrú. Ó gba èyí tó ti gbó lọ́wọ́ mi, mo fi owó lé e, ó yọ tuntun fún mi nínú páálí. Ẹ̀yin ará, fóònù náà dára! Ẹ ò ní gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi. Ojú rẹ̀ fẹ̀, bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ méjì, àwòrán tó ń yà sì mọ́lẹ̀ débi pé ẹ lè máa ka ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ.

SIM mi ti pẹ́, ó tóbi ju ihò fóònù tuntun lọ, a sì ní láti lọ gba òmíràn tó ní nọ́ńbà kan náà. Ṣọjí kó gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù àtijọ́ sínú tuntun. Àmọ́ àwọn tó wà lórí SIM àtijọ́ ò tẹ̀ lé wa, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó rántí wọn. Ẹ sì mọ àwọn tó wà lórí SIM? Àwọn tí mo kọ́kọ́ tọ́jú nọ́ńbà wọn láyé mi ni! Màámi ni àkọ́kọ́. Aládùúgbò wọn ní Ìsẹ́yìn ló tẹ̀ lé e. Gbogbo oníbàárà ló bá mi dé, títí kan àwọn tó ń yọ mí lẹ́nu. Ìyá tó bí mi ló ṣẹ́ kù sẹ́yìn.

Kí Ṣọjí tó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, mo ní kó bá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníjìbìtì. Ẹ̀rù wọn ń bà mí. Wọ́n ti pe Mama Ebi rí, ọmọ Ìjọ́ tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní báǹkì ló ń pè é, wọ́n sì gbọn àpò rẹ̀ gbẹ. Ṣọjí ní ìyẹn ò le. Ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn, ó bi mí ní ìbéèrè kan tàbí méjì, ó ní ó ti parí. Ó ṣàlàyé pé nọ́ńbà tí fóònù ò bá mọ̀, tó bá wá ń dún lẹ́ẹ̀kan tó ń gé, fóònù á ti mọ̀ pé ṣe ni wọ́n ń dẹ èèyàn wò. Á dá a dúró, kò sì ní jẹ́ kó dún sí mi létí mọ́ láé. Mo dúpẹ́, mo lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń wọ aṣọ ilé ìwé fún Rídíwàánù, mo rí i tí fóònù kọ ọ́ sójú ní òyìnbó pé òun ti dá oníjìbìtì kan dúró. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn! Mo gbé e sórí status mi kíá pé fóònù tuntun mi ti mú olè kan láàárọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín bá mi rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún mú òmíràn. Lọ́jọ́ kẹrin, bẹ́ẹ̀ náà. Mo ní àwọn olè yìí mà ń tètè jí o! Mi ò bi ara mi pé olè wo ló máa ń kírun kó tó jáde.

Fóònù náà sì ń ṣiṣẹ́ tí mo rà á fún, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ya àwòrán àwọn overall tí mo ti rán, mo gbé wọn síbí, ẹ̀yin náà rí wọn. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀gá tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi pàápàá padà wá. Tẹ́lọ̀ tó gbé e fún ti rán àpò sí ibi tí ọwọ́ ò lè dé. Ó tún fi fídíò ránṣẹ́, ó ṣí lójú ẹsẹ̀, àní mo rí okùn bàtà ẹni tó wọ aṣọ náà. Overall ogójì! Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Àmọ́ Màámi ò fíláàṣì. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Ọjọ́ kìíní, mo ní wọ́n ń bínú. Ọjọ́ kejì, mo wá nọ́ńbà wọn nínú fóònù, mi ò rí i. Mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo mọ ìparí rẹ̀, àárín rẹ̀ ló pòórá mọ́ mi lórí. Ta ló ń há nọ́ńbà sórí láyé yìí? Mo ní kò burú, ìgbà tí wọ́n bá fíláàṣì, màá tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Mò ń dúró de fíláàṣì kí n lè rí nọ́ńbà, fíláàṣì sì ń dé lójoojúmọ́, fóònù ń gbé e jù síta.

Ṣé kò sí ohun tí mo lè ṣe ni? Ó wà. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń lọ sí Ìsẹ́yìn, mo lè rán dírẹ́bà kan sí wọn. Ìbínú ni ò jẹ́. Mo ní bí Màámi bá lè torí Iléyá bá mi yodì, èmi náà lè dúró. Ẹ ò rí òmùgọ̀? Èmi ọmọ tí wọ́n pọ̀n, èmi ni mò ń ka ọjọ́ mọ́ ìyá mi lọ́wọ́!

Mama Ebi ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó ní, "Iya Ridwan, your mama nko? You never talk about am since." Mo ní wọ́n ń bínú sí mi, pé wọn ò fíláàṣì mọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mama wey dey vex go still flash. Go find am o." Mo ní kó fi mí sílẹ̀, kò mọ Màámi bí mo ṣe mọ̀ wọ́n. Ó padà sídìí ẹja rẹ̀.

Ní ọjọ́ Iléyá gan-an, nígbà tí mo ti yídì dé, mo wo fóònù. Ó ti dá méje dúró! Méje, láàárọ̀ ọjọ́ kan! Mo pe Mama Ebi láti kí i, mo sì fi dápàárá fún un pé àwọn oníjìbìtì ò tiẹ̀ gba ìsinmi ọdún. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti ẹran díẹ̀ tí mo rà. Mo gbé e síwájú Rídíwàánù. Mò ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé, Màámi, ọdún rèé, ẹ ò lè fíláàṣì ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan péré? Omi bọ́ lójú mi. Inú bí mi sí wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta ọdún, mo wà nídìí ẹ̀rọ, mò ń rán nínú overall ogójì náà, ni fóònù bá dún. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni, àmọ́ ó dún dáadáa, kò gé. Ohùn ọkùnrin ni. Ó ní, "Madam, abeg, you get mama? One old mama fall for gutter for here. She no dey hear Pidgin. She just dey call Sàlámátù, Sàlámátù."

Sàlámátù lorúkọ mi. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Nítòsí Boundary ni, àdúgbò tí a ń gbé nígbà tí mo bí Rídíwàánù. Màámi ti wá síbẹ̀ wá wẹ ọmọ fún mi, ilé yẹn nìkan ni wọ́n sì mọ̀. Àmọ́ a ti kó kúrò níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Mo bá wọn lórí bẹ́ǹṣì ọkùnrin tó pè mí, ẹni tó ń lẹ táyà lójú títì. Omi gọ́tà ti rin wọ́n dé àyà. Ẹsẹ̀ òsì wọn yí sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Ọ̀rá dúdú kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ? Wọn ò sọ pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn o. Wọ́n ní, "Ṣé ara rẹ le, Sàlámátù? Ọmọ ńkọ́?" Mo ní ara wa le. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwọn ti rò pé mo ti kú ni.

Ẹran Iléyá ló wà nínú ọ̀rá yẹn. Ìpín tèmi, tí wọ́n ti dín. Omi gọ́tà ti wọ inú rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà náà ṣàlàyé fún mi. Ó ní Màámi ti ń yà láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń béèrè mi, àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ò sì mọ̀ mí. Wọ́n yà fún kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, pákó tí wọ́n fi bo gọ́tà sì dá mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ó ní òun gba fóònù wọn, òun fi pè mí, òun tún pè mí, òun pè mí títí ó fi sú òun. Obìnrin inú fóònù ń sọ pé ọwọ́ mi dí. Ìgbà tó kọ nọ́ńbà mi sínú fóònù tiẹ̀ ló tó dún. Ọwọ́ mi dí! Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mò ń fi bọ́tìnnì sí àpò, ìyá mi wà nínú gọ́tà.

Egungun itan ló kán. Àwọn dókítà ṣe é, wọ́n gbìyànjú, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ wọ́n sọ fún mi kedere pé bí Màámi ṣe dàgbà tó yìí, irú ìrìn tí wọ́n ń rìn tẹ́lẹ̀ ti parí. Owó overall ogójì tí mo jó sí, ibẹ̀ ló bá lọ.

Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni Màámi ti wá sọ tiwọn fún mi. Wọ́n ní láti àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo jágbe mọ́ àwọn ni àwọn ti ń fíláàṣì tí èmi ò dáhùn. Wọ́n rò pé mò ń bínú, wọ́n fara dà á. Wọ́n ní kí aládùúgbò bá àwọn gbọ́ òyìnbó tí obìnrin inú fóònù ń sọ, ìyẹn ní ó ní ọwọ́ mi dí. Màámi ní, "Ọwọ́ wo ló ń dí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko?" Ní ọjọ́ Iléyá, wọ́n ní bó ti wù kí n bínú tó, màá dáhùn lọ́jọ́ ọdún. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n fíláàṣì. Nígbà tí mi ò dáhùn, wọ́n ní èyí kì í ṣe ìbínú mọ́, àìsàn ni, tàbí ikú. Wọ́n di ìpín ẹran mi, wọ́n wọkọ̀.

Ẹ̀ẹ̀méje. Ẹ rántí méje yẹn? Èmi náà rántí rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí.

Mi ò fẹ́ gbà á gbọ́. Mo ní, "Màámi, ẹ fíláàṣì mi kí n rí i." Wọ́n fa fóònù kékeré wọn yọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo gbé tèmi dání. Kò dún. Àmọ́ níwájú mi báyìí, òyìnbó yẹn yọ sójú rẹ̀ pé òun ti dá oníjìbìtì kan dúró. Mo ṣí ibi tó ń kó wọn pamọ́ sí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, láti òkè délẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ tí mo mọ̀, ìparí tí mo mọ̀, àti àárín tó ti pòórá mọ́ mi lórí.

Ìyá mi ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lórí status! Ìyá mi ni mo pè ní olè, tí ẹ bá mi rẹ́rìn-ín sí!

Màámi bi mí pé kí ló kọ síbẹ̀. Kí ni kí n sọ? Mo ní ó ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní fóònù náà mọ èèyàn kí.

Láti ilé ìwòsàn, mo fi ìbínú gba ọ̀dọ̀ Ṣọjí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Boundary lọ́jọ́ náà á ti gbọ́ ohùn mi. Mo pariwo lé e lórí níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo ní ó ti ba ayé ìyá mi jẹ́, kó gba fóònù rẹ̀, kó dá tèmi tó fọ́ padà fún mi. Kò bá mi jà. Ó gbọ́ mi tán, ó gba fóònù, ó tú nọ́ńbà Màámi sílẹ̀, ó kọ orúkọ wọn sókè pátápátá. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìyá Rídíwàánù, mo bi yín o."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mi ò tíì sọ fún yín nìyí. Mo ti fẹ́ fò ó dá, àmọ́ bí mi ò bá sọ ọ́, irọ́ ni gbogbo ohun tí mo ti ń kọ bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ra fóònù, ìbéèrè tí Ṣọjí bi mí ni pé ṣé ẹnì kan wà tó máa ń fíláàṣì mi, kí òun kọ́kọ́ tọ́jú nọ́ńbà ẹni náà. Obìnrin kan dúró tì wá tó ń ra tiẹ̀, aṣọ ọ́fíìsì lọ́rùn, òyìnbó lẹ́nu. Ojú tì mí. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ pé fíláàṣì ni wọ́n fi ń kí mi láti ilé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Fíláàṣì kẹ̀? Ta ló ṣì ń ṣe ìyẹn láyé òde òní? Kò sírú ẹ̀ ní tiwa o!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Mo bá a rín in. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò sì tíì fojú kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà. Nítorí kí ó má baà fojú kéré mi ni mo ṣe sẹ́ ìyá mi.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo sọ fún Mama Ebi pé mò ń lọ sí Marine Beach lọ ju fóònù náà sómi. Ó já a gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Na phone tell you make you no go look your mama?" Ó dá fóònù padà fún mi, ó bu ẹja gbígbẹ sínú ìwé, ó ní kí n fi se ọbẹ̀ fún Màámi. Ohun tí mo fi ń kọ èyí náà nìyí, fóònù yẹn gan-an. Ó ṣì dára. Bátìrì rẹ̀ ṣì ń lo ọjọ́ méjì. Nígbà míì, bí mo bá rí i lórí tábìlì, ṣe ni mo máa ń dà á dojú bolẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé, ẹni tó bá wù kó gbà á. Fóònù ò mọ ìyá ẹni. Ohun tí a bá sọ fún un ló mọ̀. Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ wo orí SIM yín dáadáa kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí ẹ sì ra ìwé kékeré, kí ẹ kọ nọ́ńbà àwọn èèyàn yín sínú rẹ̀. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni pé kí ojú má tì yín nítorí bí ìyá yín ṣe ń kí yín. Bí ẹni tó máa ń kí yín láràárọ̀ bá sì dákẹ́, ẹ má jókòó máa rò pé ó ń bínú. Ẹ dìde, ẹ lọ wò ó.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni fóònù yín ti tì síta tí ẹ ò mọ̀? Ta ni ẹ ti sẹ́ rí nítorí ẹ̀rín ẹni tí ẹ ò mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni mo máa kà, mi ò ní dá ẹnì kankan lẹ́jọ́. Àmọ́ kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣí ibi tí fóònù yín ń kó àwọn tó dá dúró pamọ́ sí. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Màámi ti wà lọ́dọ̀ mi báyìí, nínú yàrá kan náà pẹ̀lú èmi àti Rídíwàánù. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń dìde. Láàárọ̀ àná, wọ́n jókòó kírun tán lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fa fóònù wọn yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Tèmi dún lórí tábìlì, ó gé. Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ ò rí mi ni? Èmi rèé níwájú yín." Wọ́n ní àwọn rí mi. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ wò ó bóyá fóònù yẹn ti wá mọ àwọn báyìí.

Mi ò sọ fún wọn rí pé fóònù ò mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ o. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn.

Mo gbé fóònù, mo fíláàṣì wọn padà lẹ́ẹ̀kan.